Òdòdó Kọfí Tó Fẹ́ Lé Sàúdátù Lọ sí Jíbówú

Obìnrin tó bá ń ta kẹrosíìnì, ẹ má fi òórùn tàn án jẹ o. Sàúdátù, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi nínú ilé tí a jọ háyà ní Mushin nígbà náà lọ́hùn-ún, ó kàn máa ṣí ìdérí garawa díẹ̀ báyìí ni, á ti mọ̀ bóyá wọ́n ti da nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, tó ń sọ ohun tí wọ́n ń sè ní Ìdí-Òró, tó sì ní iyọ̀ ọbẹ̀ náà ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi wọ́n léèrè ní Ìdí-Òró.

Ṣùgbọ́n imú tó gbọ́n báyẹn, ẹrù ni lọ́rùn ẹni tó bá ń jowú. Sàúdátù sì ń jowú. Bí àwa yòókù ṣe ń mí ni òun ṣe ń jowú.

Ọkọ rẹ̀, Mùktárù, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣàfíù nítorí ọmọ wọn, iṣẹ́ lébìrà ló ń ṣe. Nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n, ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fẹ̀nándò Póò, erékùṣù tí àwa ń pè ní Pányà, ó sì fi ọdún bíi mélòó kan ṣiṣẹ́ nínú oko kọfí níbẹ̀. Iṣẹ́ àṣekú ni. Wọ́n ń ru àpò kọfí gun òkè, wọ́n ń rù ú sọ̀ kalẹ̀, òjò ń pa wọ́n, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n. Nígbà tó fi máa padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti le débi pé bí ẹyẹ bá bà lé e, ẹsẹ̀ ni yóò máa ro ẹyẹ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka kọfí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń já èso tó pọ́n tí wọ́n á fi èyí tí kò tíì pọ́n sílẹ̀ lórí ẹ̀ka kan náà. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní Mushin? Yẹ̀pẹ̀ ló ń rù fún àwọn tó ń kọ́lé ní apá Costain, kí Màmá Mabel tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Mabel Ìbíkúnlé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Mabel, opó ni. Theophilus ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Yaba, ló gbin kọfí sórí ilẹ̀ kan lẹ́yìn Àgùdà, tó sì kọ́ ilé kékeré kan sáàárín rẹ̀. Nígbà yẹn, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Súrùlérè ni. Tí o bá kọjá Àgùdà díẹ̀, igbó ni. Nígbà tí bàbá náà kú, ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ kí oko náà di aginjù. Ẹnì kan wá sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Mushin tó ti bá kọfí gbé ní Pányà. Bí Mùktárù ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Ó délé, ó ń rẹ́rìn-ín. Sàúdátù bi í pé ṣé obìnrin náà lọ́kọ. Ó ní ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rín yẹn, òun nìkan ló rín in tán.

Kí n má purọ́, opó náà rẹwà. Tó bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò máa ń gbàgbé ọmọ ayò sọ́wọ́.

Nǹkan kan wà nípa igi kọfí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á pa òdòdó rẹ̀ mọ́ra bí ahun tó di ọwọ́. Tí òjò kan ṣoṣo bá ti rọ̀ sí i lẹ́sẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, òwúrọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ á là pọ̀, funfun báláú, bí ẹni pé yìnyín já sórí ẹ̀ka. Òórùn rẹ̀ á wá gba gbogbo àdúgbò. Oyin tó bá wọ ibẹ̀, bí ọ̀mùtí ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti rẹ̀ dànù, ó ti di pàǹtí lábẹ́ igi.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òdòdó là, Mùktárù wọlé láti oko. Sàúdátù ń fi àrọ rọ kẹrosíìnì sínú ìgò lọ́wọ́. Kò tíì gbójú sókè tó fi dá ara dúró. Ìgò kún, kẹrosíìnì ń ṣàn sílẹ̀, kò wò ó.

“Níbo lo ti ń bọ̀?”

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ‘ẹ’ ló fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mo rọra fa àga mi wọlé díẹ̀.

Mùktárù ní oko ni.

“Oko wo ló ń fi lọ́fínńdà para?”

Ó ní òdòdó kọfí ni. Sàúdátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Kọfí tí òun mọ̀ ni omi dúdú kíkorò tí àwọn akọ̀wé Yaba ń mu tí wọ́n ń fún ojú pọ̀; èwo ni ti kọfí tó ń ta sánsán? Ó ní tó bá fẹ́ purọ́, kó lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n pa. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Torí pé èmi ń rùn kẹrosíìnì, o lọ wá èyí tó ń rùn bí ìyàwó tuntun.”

Ibi tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i rí nínú ilé wa, ṣùgbọ́n gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń fi èèpo òroǹbó ra ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, síbẹ̀ òórùn náà ò lọ.

Mo dá sí i, bí àgbà. Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ọrùn tiyín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ nígbà tí opó yẹn gba iwájú ilé wa kọjá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.” Mo tún fa àga mi wọlé sí i. Ìyàwó mi wà nínú yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, Mùktárù já òdòdó náà díẹ̀ sínú fìlà rẹ̀ kó lè fi jẹ́rìí. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ẹ̀yìn Àgùdà dé Mushin nínú oòrùn, fìlà wà lórí. Nígbà tó máa ṣí i, òdòdó ti dúdú, ó ti rọ, ó ń rùn bí tábà tí òjò pa. Sàúdátù fi ìka gbé ọ̀kan sókè, ó bi í pé ṣé èyí ló sọ ọ́ di ọkọ ìyàwó. Mùktárù bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i lóko. Ó ní òun máa wá. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ò jẹ́ kó ráyè kúrò nídìí ọjà. Ìgbà tó fi máa débẹ̀, igi tútù yọ̀yọ̀ ló bá, kò sí òórùn kankan àfi ti ewé. Ẹlẹ́rìí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Màmá Mabel ló bá níbẹ̀. Obìnrin náà jáde sí i pẹ̀lú aṣọ funfun, lọ́fínńdà tirẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó fún un ní ìjókòó, ó fún un lómi, ó wá sọ èyí tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rere: “Ìyàwó Mùktárù, ọkọ yín ti sọ mí dèèyàn. Bí kò bá sí i, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.”

Sàúdátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì rọra fa èémí sínú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìyàwó mi lẹ́yìn náà pé òórùn Màmá Mabel kọ́ ni òun gbọ́ lára ọkọ òun. Imú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kedere. Owú ní kí imú panu mọ́.

Ó délé, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ààwẹ̀ ń bọ̀. Bí òun ò bá gbọ́ òórùn òdòdó yẹn lórí igi kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, ilé bàbá òun ní Jíbówú ni òun ti máa gbà á, òun á mú Ṣàfíù dání, òun ò sì ní padà. Kò pariwo. Ìyẹn ló bà wá lẹ́rù.

Mùktárù gbójú sókè lójoojúmọ́, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n fọ̀. Ìlà kan ṣì wà lóko náà, lẹ́bàá ọ̀nà, tí igi ńlá ṣíji bò, tí òjò àkọ́rọ̀ ò dé ìdí rẹ̀. Òdòdó ibẹ̀ ò tíì là. Ó rò ó títí, ó wá rí i pé igi kọfí ò mọ ojú ọ̀run, ohun tó bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀. Bí òjò bá kọ̀, òun fúnra òun á di òjò. Ó kó òfìfo garawa méjì nínú ti ìyàwó rẹ̀, ó fi eérú àti yanrìn fọ̀ wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi láti odò tó wà nísàlẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti lẹ́yìn tó bá ṣíwọ́. Omi tó pọn, bí wọ́n bá dà á sí Costain, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọn ì bá máa fi kọjá níbẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Bí igi bá kọ̀ tí kò là, irọ́ mìíràn ló máa dà sí i lọ́rùn.

Fàósátù, tó ń kiri ọṣẹ dúdú lọ sí Àgùdà, ló rí i láti ojú ọ̀nà. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í sun ẹnu rẹ̀ mọ́jú ni. Kò dúró ta ọṣẹ tó kù. Ó wọlé wa, ó ní, “Àǹtí Sàúdá, mi ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ ilé onílé o.” Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn ti wọ inú ilé náà dé yàrá. Ó ní Mùktárù tí kò ru omi kan rí nílé, omi ìwẹ̀ ló ń pọn fún opó, lórí ara rẹ̀, kì í tilẹ̀ simi. Ó tún ní garawa náà jọ ti ẹnì kan tí òun mọ̀.

Sàúdátù yíjú sí ibi tó to garawa rẹ̀ sí. Méjì ò sí níbẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbọ̀jà mọ́dìí, ó mú àrọ irin rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni pé ó fẹ́ fi rọ opó náà sínú ìgò. Fàósátù tẹ̀ lé e. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, kí n lè làjà. Kò sí ìdí mìíràn. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ gbogbo ohun tó máa ṣe, Fàósátù ń bá a fi ata sí i.

A ti kọjá Àgùdà, a ò tíì rí oko náà, Sàúdátù bá dúró lójijì, Fàósátù kọlù ú lẹ́yìn. Ó gbé imú sókè. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níbi tí kò mọ èèyàn. Nígbà tó tún gbẹ́sẹ̀, kò rìn bí ẹni tó ń lọ jà mọ́, ṣùgbọ́n kò ju àrọ sílẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo nínú gbogbo oko ló funfun. Àwọn ìlà tó kù dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wò ó bí àwọn ìyáálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Mùktárù wà láàárín rẹ̀, garawa lórí, omi ń kán sí i léjìká. Ó rí wa, kò mọ bó ṣe máa sọ garawa náà kalẹ̀.

“Ta lẹ ń pọnmi fún?” ni Sàúdátù bi í.

“Imú rẹ ni.”

Fàósátù bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ò fẹ́ kí ìjà náà tán.

Sàúdátù ki orí bọ àárín ẹ̀ka. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, oyin ti ta á lẹ́rẹ̀kẹ́, òdòdó kún gèlè rẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá Mabel ti jáde, ó ń béèrè ohun tí èrò wá ṣe lóko òun láàárọ̀. Mùktárù ṣàlàyé, ó ń tijú bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ igi.

Sàúdátù wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó wo eyín rẹ̀, ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Owú ò kúrò níbẹ̀ o, ó kàn yí ìjókòó padà ni.

“Màmá,” ló wí, “iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ẹ gba èmi náà.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láàárọ̀, á bá ọkọ rẹ̀ roko ìdí kọfí, ojú rẹ̀ kan wà lára ilé opó. Lọ́sàn-án, á padà sídìí kẹrosíìnì. Oṣù ààwẹ̀ lé, Mushin ló ti gbà á, àpótí rẹ̀ padà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí òjò gidi wá rọ̀ tí òdòdó tuntun tún là káàkiri oko, ó wà láàárín rẹ̀ látàárọ̀, ó gbé òórùn náà wá sídìí ọjà. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wá yí. Àwọn ọkùnrin tó ti ń rán ọmọ wá ra kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ara wọn wá. Èmi náà ra ìgò méjì, ìyàwó mi sì ń bi mí títí di òní ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Gbádé télọ̀ ló burú jù nínú wọn. Mùktárù ti oko dé, ó bá a tó na ìgò sí Sàúdátù. Mùktárù gba ìgò náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

“Gbádé, èyí tó wà nínú ìgò yìí ṣì ju ìlàjì lọ.”

Gbádé ní àtùpà òun ń mu ún púpọ̀ ni.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, Mùktárù ò jókòó sílé mọ́. Tó bá ti wẹ̀ tán, ìdí kẹrosíìnì ló ń lọ, á máa yẹ ìgò àwọn èèyàn wò, á máa bi wọ́n bí àtùpà wọn ṣe tóbi tó. Lọ́jọ́ kan, ó yẹ ti Lèmọ́mù pàápàá wò.

“Bàbá Ṣàfíù, ẹ ń lé oníbàárà mi,” ni Sàúdátù wí.

Ó ní kí wọ́n máa lọ. Sàúdátù sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, kó lè ríbi jókòó dáadáa.