Nọ́ńbà Iṣẹ́ Tirẹ̀, Kóòdù Tèmi

Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Turffontein, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, kò mọ̀ pé èmi gan-an ló ń bá wí. Ó ní àgbàlagbà kan dójú ti ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ níwájú òyìnbó. Mo ní, "Mà, èmi ni àgbàlagbà náà." Ó pòṣé, ó kọjá lọ.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Ní ọ́fíìsì wa ní Newtown, kóòdù kọ̀ǹpútà la máa ń kọ fún àwọn ilé ìtajà. Gbogbo iṣẹ́ ló ní nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó ni ín. Bí o bá kọ kóòdù tán, wàá kọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì so méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ kóòdù náà. Kóòdù tí kò ní nọ́ńbà, ọmọ àlè ni lójú ọ̀gá wa tó jẹ́ òyìnbó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí iṣẹ́ bá ti há a lọ́wọ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí." Màá kọ ọ́ fún un, màá fi nọ́ńbà iṣẹ́ tirẹ̀ sí i, bí òfin ṣe wí. Àgbà kì í ka oore sọ́mọdé lórí, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi sì wà nílẹ̀.

Ìgbà wá tó tí wọ́n fẹ́ tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi ṣe. Bí wọn ò bá tún un ṣe, físà mi parí nìyẹn, èmi àti ìyàwó mi á kẹ́rù. Ọ̀gá wo àwọn iṣẹ́ tó ti parí: orúkọ ọmọ náà ló kún ibẹ̀.

"Kí ni ìwọ ń ṣe ní tìrẹ?"

Mo wo ọmọ náà. Ó ní, "Wọ́n máa ń gbà mí nímọ̀ràn nígbà míì."

Ìmọ̀ràn kẹ̀.

Mo ní kí ọ̀gá tẹ iṣẹ́ kan, kó wo ẹni tó kọ kóòdù tí wọ́n so mọ́ ọn. Orúkọ mi ni. Ó tẹ òmíràn. Ọmọ náà fi Yorùbá sọ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Àjèjì làwọn wọ̀nyí."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní kí ọ̀gá máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Wọ́n tún ìwé mi ṣe, wọ́n lé ọmọ náà. Láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ ò kí tèmi mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà sì ní ó yẹ kí n ti fi í fún Ọlọ́run.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ká ní físà tìrẹ ni, ṣé wàá dákẹ́?