Òntẹ̀ Orí Bẹ́ǹṣì

Iṣẹ́ àga ni mo ń ṣe. Ẹni tí tìmùtìmù àga rẹ̀ bá ya, èmi ni yóò ké sí. N ó tú awọ rẹ̀, n ó yọ fóòmù àtijọ́, n ó sì ran tuntun sí i. Mo ti tú àga tí ajá tọ̀ sí rí. Mo ti tú èyí tí eku bímọ sí. Kò sí èyí tó rí mi lára tó bẹ́ǹṣì ilé ìdárayá tí ìyàwó mi ti jẹ́ máníjà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi abẹ sí awọ ọ̀kan, omi ló jáde. Omi kọ́ o, òógùn ni, òógùn ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn ò mọ ara wọn rí, ó ti pọ́n rúsúrúsú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo sáré jáde lọ di ògiri mú, mo ń tutọ́.

Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Wọn, ṣé òógùn lásán ló lé yín síta báyìí?”

Nǹkan kì í rí òun lára. Olùkọ́ eré ìdárayá ló jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kó tó débẹ̀. Ẹni tó ti nu ikun nímú ọmọ tí kò bí, tó ti fọ èébì ọmọ ọlọ́mọ kúrò lára bàtà ara rẹ̀, kí ló kù tí yóò lé e sá? Kò ga, apá rẹ̀ ki, kì í jókòó. Fèrè tó ń fọn fáwọn ọmọ nígbà náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ kí ìlà rẹ̀ lè dúró gbọnrangandan, bíi pé kò mọ irú ibi tó ń lọ.

Ibẹ̀ náà kì í ṣe ibi tí ìlà ṣòkòtò ti ń pẹ́. Òkè ilé ìtajà oògùn ló wà, fèrèsé rẹ̀ kéré, jígí bo gbogbo ògiri kan, fáànù ibẹ̀ kò sì ń ṣe ju kó máa gbé ooru láti igun kan lọ sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn kóòṣì ibẹ̀ ń ṣe fún yín, kí inú ẹ̀yin náà lè rú. Bí oníbàárà bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tó ń gbé irin, tó wá dìde, òógùn ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ya àwòrán rẹ̀ sára awọ dúdú yẹn, láti èjìká dé ìbàdí. Òntẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kóòṣì tí òntẹ̀ oníbàárà rẹ̀ bá tóbi jù lọ́jọ́ náà ni ọ̀gá. Wọn kì í nù ún! Ńṣe ni wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó, wọn á kó ọwọ́ síbàdí, wọn á máa mi orí. “Ẹ wo èjìká! Mo lu òntẹ̀ lónìí!” Ẹni tó kàn yóò dùbúlẹ̀ lé e, wọ́n á lu tirẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Kóòṣì tó bá nu òntẹ̀ ara rẹ̀, ó ti sọ pé òun ò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ò fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì, nítorí ilẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ ni wọ́n gbà á fún. N kì í bá a wí.

Àgbà àwọn kóòṣì ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Géńdé. Àyà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun yóò wá tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, jígí ni yóò máa dá lóhùn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Alága tó ni ilé ìdárayá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á, Alága nìkan ló sì lè lé e.

Lọ́jọ́ kan ni Alága ṣàdédé yọjú. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó sì dojú kọ ìyàwó mi níṣojú gbogbo wọn.

“Máníjà, òórùn kí rèé? Àwọn oníbàárà ti ń sá lọ. Mò ń rìnrìn àjò. Bí mo bá dé tí mo tún gbóòórùn yìí, Géńdé ni n ó gbé ipò yín fún.”

Géńdé tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n yìn. Ẹni tó ń sọ ilé di àkìtàn ni wọ́n fẹ́ fi jọba lé ìyàwó mi lórí. Ìríra gbáà!

Ìyàwó mi bá sọ pé òun ti rí ọ̀nà. Òun fúnra òun ni yóò máa nu àwọn bẹ́ǹṣì náà. Bí wọ́n bá rí máníjà lórí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ àti àkísà, ojú á tì wọ́n. Ojú wo? Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Máníjà.” Nígbà tó ṣe, wọn ò kí i mọ́. Ìgbà tó wá yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Etí mi ló gbọ́ ọ. Mo ń ran awọ bẹ́ǹṣì kan ní igun yàrá nígbà tí oníbàárà Géńdé kan dìde, ọkùnrin abara-gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, òógùn ń kán tótó lára rẹ̀. Géńdé ò kúrò níwájú jígí. Ó kàn ta ìka ni. “Máníjà! Ti ẹ̀bá fèrèsé o!” Ìyàwó mi sì lọ! Mo rí ìyá àwọn ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ sórí òógùn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, abẹ́rẹ́ sì gún mi lọ́wọ́.

Nígbà tí a délé, mi ò lè pa á mọ́ra. “Ìyá Wọn, ṣé máníjà ni ẹ́ ni àbí ọmọ ọ̀dọ̀ Géńdé?”

“Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ lára mi ni.”

“Wọ́n ti kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ ni wọ́n kọ́.”

Ó gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó, òun tí kì í jókòó.

Àṣà wọn ni pé àwọn kóòṣì máa ń ṣe ìdárayá tiwọn ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, lórí bẹ́ǹṣì tí ìyàwó mi ti nu òntẹ̀ àná kúrò lórí wọn. Ní ọjọ́ kejì, níṣojú mi, kò nu ọ̀kankan. Ó fọn fèrè.

“Mi ò nu ohunkóhun mọ́. Kí kálukú lọ sórí bẹ́ǹṣì tó lò kẹ́yìn lánàá. Ẹ dojú bolẹ̀.”

Wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ náà. Nígbà tó gbé e sókè, ó dún.

“Yéè! Máníjà, ó kàn mí lẹ́nu!”

“Òntẹ̀ rẹ ni. Ṣebí o pe èèyàn wá wò ó lánàá?”

Ọ̀kan nínú wọn sáré wọ ilé ìwẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Géńdé ní tirẹ̀ sọ pé ìbàdí ń dun òun. Ó tẹ́ aṣọ ìnura funfun sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó jókòó lé e, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà làwọn yòókù ti ń nu bẹ́ǹṣì wọn. Kíákíá tilẹ̀ ń pariwo mọ́ wọn kí oníbàárà tó dìde tán. Èmi náà pààrọ̀ fóòmù gbogbo wọn àfi ti Géńdé, tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wá ṣeé mí. Bí Géńdé bá ti lu òntẹ̀ tirẹ̀ tán, aṣọ funfun mìíràn ni yóò tẹ́ lé e. Ìyàwó mi bá a sọ ọ́ títí, ńṣe ló ń wo jígí.

Alága dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀, kò wá áńkáṣíìfù rárá. “Ha! Ta ló ṣe èyí?”

Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Géńdé ti bọ́ síwájú. “A dúpẹ́, sà. Èmi ni mo dúró tì wọ́n tí wọ́n fi ń nù ún. Èèyàn gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n gan-an.”

Ẹnu Kíákíá là sílẹ̀. Mo di òòlù mi mú. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tó ṣẹ́jú sí mi. Alága gbá Géńdé lẹ́yìn, òógùn rin ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

“Máníjà, ẹ ò rí i? Bóyá kí n kúkú gbé ipò náà fún un.”

“Kò burú, sà,” ni ìyàwó mi wí. “Kó gbà á níwájú yín.”

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ lọ síbi bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ ọn jù, ó kúnlẹ̀, ó gbé imú lé awọ, ó sì ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí èyí tó tẹ̀ lé e.

“Ohun tí mo ń ṣe nìyí, sà, kí oníbàárà tó dé. Ojú lè sọ pé ó mọ́, imú ò ní gbà.” Ó dìde, ó sì ká aṣọ funfun kúrò lórí bẹ́ǹṣì Géńdé. “Géńdé, bẹ̀rẹ̀ látorí tìrẹ.”

Òntẹ̀ lórí òntẹ̀ ni, èyí tó ti gbẹ ti hu iyọ̀ funfun létí, èyí tó tutù ń dán láàárín, irun ẹnìkan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Géńdé bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ó nàró.

“Sà, ìbàdí mi…”

“Gbóòórùn rẹ̀,” ni Alága wí.

“Sà, òógùn èèyàn mà ni.”

Alága wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Àwọn tó ń sanwó fún mi ń sùn lé e, ìwọ ò lè fi imú kàn án?”

Ìyàwó mi rẹ àkísà sínú omi ọṣẹ, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó nà án sí Géńdé. Ó fi ìka méjì gbà á, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù. Alága ò tún dárúkọ ipò fún un mọ́. Mo dúró títí Géńdé fi nù ún tán. Inú mi ò tilẹ̀ dùn. Ó kàn ń rí mi lára ni.