Apá Karùn-ún

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó lóun ò tíì darúgbó: ìdíje lílúwẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀yìn ló gbájú mọ́. Ẹni tó ń fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ kì í rí ògiri tó ń lọ bá. Àsíá kéékèèké tí wọ́n ta sókè omi ló máa ń wò. Tó bá ti kọjá lábẹ́ wọn, á ju apá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ á kan ògiri.

Olùkọ́ rẹ̀ wá ń fi eré ìdárayá mú apá rẹ̀ le. Lónìí, eré tó sá lórí omi já mi láyà. Ó kọjá lábẹ́ àsíá. Bó ṣe fẹ́ ju apá karùn-ún báyìí, gbàgà! Orí rẹ̀ gbá ògiri.

Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, apá yín ti lágbára! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ti tó yín báyìí."

"O tún ń rẹ́rìn-ín!" ni mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé orí tìẹ ló wú?"

Ọ̀la ni ìdíje. Lálẹ́, ọkọ mi dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ súnmọ́ ògiri, ó ń ju apá sókè.

"Ìyá wọn, tẹ́rù bá ba apá mi lọ́la, ṣé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí n jù ú, àbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún?"

Mo kàn tẹ́ ọwọ́ mi sáàárín orí rẹ̀ àti ògiri.