Omi Tí Ìyá Àgbà Kò Mu

Nígbà tí mo kéré, tí ọ̀nà Àjáh sí Ẹ̀pẹ́ ṣì jẹ́ yanrìn, ìrìn àjò kì í ṣe eré. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lórí ọ̀dà lónìí, ẹ ò lè mọ̀. Bọ̀lẹ̀kájà á rì, gbogbo èrò á sọ̀kalẹ̀ tì í.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, èmi, bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ìyá bàbá mi la jọ lọ mọ àwọn àna. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ọkùnrin tó wù ú, ṣùgbọ́n ìlú ọkùnrin náà ni wọ́n ti pa baba ńlá wa lójú ogun. Láti ìgbà náà, ìdílé wa kì í mu omi ibẹ̀. Bí ìyá àgbà kò bá kọ́kọ́ mu ún, kò sí ìgbéyàwó.

Bàbá mi gbìyànjú. Bí a ṣe ń kọjá nínú àwọn ìlú kéékèèké àtijọ́, ó ń tọ́ka sí ilé àwọn ará ìṣáájú, ó ń pa ìyá rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Kí a tó dé, ojú ìyá àgbà ti rọ̀.

Àfi bàbá ọkọ ìyàwó, ọlọ́yàyà ènìyàn! Kò mọ ìtàn wa. Bàbá mi rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi náà rò pé bàbá wa ló máa sọ ọ́. Bàbá ọkọ mú wa lọ wo yàrà ogun ìlú wọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé tàbí dáko. Ó fọwọ́ lu àgbá ìbọn àtijọ́ tó wà níbẹ̀.

“Ìyá, ibí la ti tú àwọn ọ̀tá wa ká o! Bí ẹran la ṣe kó òkú wọn jọ!”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tí a padà sílé wọn, ìyá ọkọ kúnlẹ̀, ó gbé omi wá. Oòrùn ti pa wá, ètè ìyá àgbà ti bó. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ọwọ́ ìyá àgbà. Ìyá àgbà gba omi náà, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀.

“Ẹ ṣeun o. Òùngbẹ ò gbẹ mí.”

Ẹkún ẹ̀gbọ́n mi nìkan la gbọ́ títí a fi délé. Mo bínú sí ìyá àgbà títí ó fi kú. Ìgbà tí mo dàgbà ni àánú rẹ̀ tó ṣe mí.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti ṣe ọgbà yí yàrà náà ká. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń jókòó lórí àgbá ya fọ́tò, wọ́n ń mu píọ̀ wọ́tà. Ta ló tún ń béèrè omi ibi tí ó jẹ́? Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ní ká gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ wo yàrà náà. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di ìyá àgbà nílé ọkọ mìíràn, kò gbójú sókè.

“Ẹ máa lọ,” ló wí. “Èmi ti rí i.”