Ẹyin Inú Agolo Kan Ṣoṣo

Tí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé ní Kánò, oòrùn á rọra tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé. Ooru nìkan ló jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, kò sì kánjú àtilọ síbì kankan. Gbogbo ariwo Sabon Gari á wá máa dún bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí wa létí, ìpè àdúrà ni o, àwọn akọrin tí ń múra ọdún ni o, jẹnẹrétọ̀ tí ń kùn lẹ́yìn ilé ni o. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni mo lọ jókòó sí kíláàsì àwọn ọmọdé láti kọ́ òyìnbó, èmi tí ewú ti ń yọ lórí mi.

Tí àwọn ọmọ bá ti lọlé tán la máa ń wọlé. Eruku ṣọ́ọ̀kì ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, á máa yí po nínú ìtànṣán tó gba ojú fèrèsé wọlé. Bẹ́ǹṣì wọn kéré, orúnkún wa ń kan tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ dìde á kọ́kọ́ ronú sí i ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń gbé ní ìlú òyìnbó, ibẹ̀ ló sì ti bí ọmọ tirẹ̀, obìnrin. Ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń pè mí, lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Ọmọ náà á yọjú, á ní, “Hello, Grandma.” Èmi náà á ní, “Hello, ìyá mi.” Ó parí nìyẹn. Mo gbọ́ Yorùbá, mo sì gbọ́ Haúsá bí àwọn onílùú, nítorí Kánò ni wọ́n bí mi sí. Píjíìnì tí mo fi ń bá àwọn oníbàárà mi tàkúrọ̀sọ, ó yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí epo. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ọmọ yìí gbọ́ níbẹ̀. Á wojú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á bá wa túmọ̀, àfi bíi pé a wà ní kọ́ọ̀tù tí ògbufọ̀ dúró sáàárín. Kí ọ̀rọ̀ mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti tutù.

Lọ́jọ́ kan, mi ò tíì kí i tán tó fi ní “Bye, Grandma,” ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sáré lọ. Ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìdáná. Àjà ilé wọn ni mo wá ń wò, funfun báláú, iná kan ń tàn níbẹ̀. Mo wò ó pẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí ọdún bá ń gorí ọdún báyìí, ohun tí màá mọ̀ jù lọ nínú ayé ọmọ yẹn ni àjà ilé wọn.

Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń pàlọ́ fún gbogbo ọmọ agbo ilé wa. Àwọn ọmọ Haúsá tó wà ní òdìkejì gọ́tà pàápàá máa ń wá, wọ́n á gbọ́ ti Ìjàpá lẹ́nu mi, wọ́n á sì fi ti Zomo san án padà fún mi. Zomo ni ehoro inú ìtàn tiwọn, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ bíi ti Ìjàpá. Ọmọ tó wá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi gan-an kò gbọ́ ẹyọ kan rí.

Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé tí ọdún Àjíǹde bá dé, èmi àti ọmọ náà la máa jọ sọ̀rọ̀, kò ní sí ògbufọ̀.

“Màámi, ẹ má dààmú ara yín. Ó máa dàgbà, á kọ́ Yorùbá.”

“Lọ́wọ́ ta ni? Ìwọ tí o ń fi òyìnbó bá a jà?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ mo rí i pé ó fọwọ́ nu ojú.

Àgùnbánirọ̀ kan ló ń kọ́ wa, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú tí ooru Kánò kò tíì mọ́ lára, tí ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó bá wà nílẹ̀ lásìkò lèèyàn fi ń kọ́ èdè, ọdún Àjíǹde ló sì wà nílẹ̀. Ó pín ìwé fún wa. Wọ́n ya ehoro kan sí i, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin dání, ẹyin aláwọ̀ mèremère. Ó ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, àwọn òbí á fi ẹyin pamọ́ sínú koríko, àwọn ọmọ á máa wá a kiri. Wọ́n á ní ehoro ló gbé e wá.

Ẹni tó jókòó tì mí, Àlájì kan ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ pàápàá sí Kánò. Ó ń ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari, ó sì fẹ́ máa gbẹnu ara rẹ̀ bá àwọn tó ń kó ọjà wá láti òkè òkun sọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

“Màlámà, ẹ dákun. Ta ló yé ẹyin yìí?”

“Wọ́n ní ehoro ló gbé e wá, sà.”

“Mi ò bèèrè ẹni tó gbé e wá. Ẹni tó yé e ni mò ń bèèrè.”

Mo ní, “Àlájì, ẹ̀yin kì í kúkú ṣe ọdún Àjíǹde. Kí ló kàn yín níbẹ̀?”

“Ẹyin tí mo jẹ láàárọ̀ yìí, kò bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ.” Ó tún wo àwòrán náà. “Kai! Zomo mà nìyí. Mo mọ̀ ọ́n. Ó jí ẹyin yìí ni.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa alára fi ìwé bo ojú.

Ó wá kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó. Ó ní bí a bá ń fi nǹkan pamọ́ lójoojúmọ́, “hide” ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lánàá, ó ti di “hid.” Mo jókòó, mò ń wo ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbáà ṣe lánàá, ìbáà ṣe nígbà tí ìyá mi ṣì wà láyé, “fi pamọ́” náà ni. Ó dúró síbi tó wà, àwọn ọjọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tòyìnbó, bí ọjọ́ bá ti lọ báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ aṣọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, o ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Olùkọ́ wa ní kí kálukú sọ ohun tó fi pamọ́ rí àti ibi tó fi í sí. Àlájì dìde, ó fi òyìnbó sọ pé òun fi fóònù òun pamọ́ fún ìyàwó òun.

“Èwo nínú wọn, sà?”

“Màlámà, òyìnbó là ń kọ́. A ò tíì dé orí ẹjọ́.”

Ó wá kàn mí. Mo dìde tìrora-tìrora, mo di bẹ́ǹṣì mú. Níta, ẹyẹ kan ń dún lórí igi dóńgóyárò, ó ń dún ohun kan náà ṣáá. Mo ṣàdédé rí agolo mílíìkì tí omi gbígbóná ń kán lára rẹ̀. Mo ní, “My mother hid egg. In moinmoin.”

“Àní mọ́ínmọ́ín!” ni Àlájì wí. Inú rẹ̀ dùn bíi pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde ló máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá máa ń lọ sí Gálílì, nítorí pé Jésù ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tó jíǹde. Àwọn tó wà nílẹ̀ Yorùbá á lọ sí etí odò tàbí orí òkè. Àwa tí a wà ní Kánò, ọgbà ẹranko ni. Kìnnìún wà ní Gálílì tiwa. A ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ìyá mi á tú ẹrù. Agolo ló fi ń se mọ́ínmọ́ín, torí ewé tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ìlú wa máa ń rọ kó tó dé. Àwọn olówó ń jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje nígbà náà. Tiwa, ẹ̀mí kan ṣoṣo ló ní, inú agolo kan ló sì wà. Ẹyin odidi. Gbogbo ọmọ agbo ilé á gba agolo kọ̀ọ̀kan, ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ mùsùlùmí, a ó fi ọ̀bẹ yí etí rẹ̀ po, a ó gbá ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá rí funfun nínú pupa á pariwo, àwọn ọ̀bọ inú àgò á yíjú.

Láti ọjọ́ tí mo dìde ní kíláàsì yẹn ni mo ti mọ ohun tí màá sọ fún ọmọ ọmọ mi. Mọ́ínmọ́ín kúkú ni iṣẹ́ mi títí dòní, mò ń sè é fún àwọn ọ́fíìsì tó wà ní Zoo Road. Bí mo bá ti ń ṣan ẹ̀wà láàárọ̀, màá máa fi òyìnbó ìgbà tó ti kọjá sọ ọ́. Aládùúgbò mi kan, obìnrin Haúsá, yọjú lórí ògiri, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀wà ni. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì lọ.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde dé, Monday ni, wọ́n pè mí nítorí ọdún. Mo ní kí ìyá rẹ̀ gbé fóònù fún un, kó sì kúrò níbẹ̀.

“Màámi, ṣé ó dá yín lójú?”

“Kúrò níbẹ̀, jọ̀ọ́.”

Òyìnbó ni gbogbo ohun tí èmi àti ọmọ náà sọ. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ síbí, “ẹ” ọ̀wọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, èmi ni mo fi í sí i.

Mo ní, “Nígbà tí mo kéré, màmá mi fi ẹyin pamọ́.”

Ó ti fẹ́ dìde. Ó padà jókòó. “Nínú ọgbà?”

“Rárá. Nínú mọ́ínmọ́ín.”

“Nínú oúnjẹ?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣokoléètì kún eyín rẹ̀. “Mo mọ mọ́ínmọ́ín! Mọ́mì máa ń ṣe é!”

Mo ń bá a lọ. Mo sọ ti agolo, mo sọ ti igi, mo sọ ti kìnnìún. Ó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún mi, mo gbà á, mo ń lọ. Ó wá bi mí pé, “Ta ló rí i?”

Mi ò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí wọn. Ọdún kan, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọsibítù ni. Ọdún kan, ọmọ aládùúgbò wa tí ìyá rẹ̀ kú nígbà ọyẹ́. Ọdún tí bàbá mi rìnrìn àjò tí kò kọ̀wé, èmi ni. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú mi lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́. Títí di ọ̀sán yẹn, mo rò pé oríire lásán ló ń pín ẹyin náà.

Mo ní, “Màmá mi mọ̀.”

“Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?”

Mo la ẹnu, kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ní Yorùbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sí èyí tó lè jáde lọ bá a. Mo mọ̀ pé ibi tó máa ti kí mi pé ó dàbọ̀ la dé yẹn.

Ó ní, “Grandma, ṣé ẹ ń ronú ni?”

“Mò ń ronú.”

“Ó dáa. Màá dúró.”

Ó sì dúró. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò mí. Oòrùn rọra sún kúrò lórí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó yá, ó ní bóyá wọ́n fi àmì sára agolo náà. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ó dá òun lójú pé wọ́n fi àmì sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú àmì tó jẹ́ fún mi, àti bí wọ́n ṣe kó àwọn agolo náà jọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, àti ohun tí kìnnìún náà sọ. Ó yára jù fún mi. Mo gbọ́ “pupa,” mo gbọ́ “kékeré,” ìyókù ń ṣàn kọjá bí omi.

Èmi ṣá ń sọ pé, “Ẹn-hẹn. Ẹn-hẹn.”