Ìkúnlẹ̀ Mi ní Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Woolwich ní London níbí, ilé iṣẹ́ ohun ìjà tó ti di fúláàtì àwọn olówó yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ológun. Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí ìyá mi sí, kò sì mọ ilé Ọlọ́run mìíràn. Bàbá mi ní tirẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ìwọ́de lòdì sí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan kì í kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Báàjì ìwọ́de kì í kúrò láyà kóòtù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ná. Bí Fádà bá ti ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, gbogbo èèyàn á máa bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á yára ki ọwọ́ bọ báàgì, bí ẹni ń wá nǹkan. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ó dun ìyá mi wọra. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó fárígá.

"Wọn ò want wa níbẹ̀! Ìjọ Aládùúrà tí àwọn friend mi ń ṣe ní parlour la máa lọ."

"Daddy, ẹ tẹ̀lé wa lẹ́ẹ̀kan ná," ìyá mi bẹ̀ ẹ́. "Jésù kì í ṣe property ìyá yẹn."

Ó tẹ̀lé wa lóòótọ́, òun ti báàjì rẹ̀. Nígbà tí ó kan àlàáfíà, ìyá àgbà náà tún ki ọwọ́ bọ báàgì. Èmi ò mọ̀ ju pé àgbà ni, mi ò sì tíì kí i. Mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í dìde títí àgbà yóò fi dá a lóhùn. Òyìnbó ò kúkú mọ ìyẹn! Wọ́n kọ orin tán, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, ó ku ìyá àgbà náà nìkan lóòró, nítorí mo ti gba ibi ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ fà mí dìde, ìyá mi dì í lápá mú.

Ìyá àgbà náà béèrè ohun tí mò ń fẹ́.

"Ó ń kí yín ni," ìyá mi fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Kò lè dìde àfi tẹ́ ẹ bá dá a lóhùn."

Ojú tì í. Ó yọ ọwọ́ nínú báàgì, ó fi fà mí dìde, ó sì na ọwọ́ kan náà sí ìyá mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Inú bàbá mi ò dùn lọ́nà ilé. "Ọmọ mi ní láti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó bọ̀ wá lọ́wọ́? That's not justice o."

"Ọjọ́ orí ló kúnlẹ̀ fún, kì í ṣe àwọ̀," ìyá mi fèsì.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ló kọ́kọ́ wọ kóòtù láti lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò yọ báàjì náà, kò sì pa ìwọ́de tì títí ó fi kú.

Lónìí, ní Thamesmead tó wà nítòsí ibí, tí mò ń gbé, àwa èèyàn dúdú la kún ṣọ́ọ̀ṣì, a ò sì ní kí ara wa tán bọ̀rọ̀. Ayé ti yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí tó. Lọ́jọ́sí, ọmọ-ọmọ mi ń ti ìwọ́de bọ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń múra Mísà.

"Grandma, be honest, ṣé ẹ̀yìn church lẹ wà ni àbí ẹ̀yìn àwa tó ń protest?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ gbé kóòtù bàbá mi jáde, báàjì tó ti dípẹtà ṣì wà láyà rẹ̀. Mo gbé e wọ̀ ọ́, mo ní ká máa lọ, Mísà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.