Ẹ̀wù Olha Lọ́rùn Mitzi

Tábìlì kan wà lẹ́bàá fèrèsé nínú ṣọ́ọ̀bù kọfí mi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí láàárọ̀ àyàfi àwọn àgbẹ̀. Tí wọ́n bá ti fún màlúù wọn lóúnjẹ tán, wọn a wa ọkọ̀ wọn wá sílùú, wọn a bú ìjọba, wọn a bú ojú ọjọ́, wọn a sì wá bú ara wọn. Òfin kan ló wà ní tábìlì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára ògiri: má ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dìde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn yòókù yóò fi mu ìyókù kọfí wọn. Nítorí náà, àgbà ọkùnrin á jókòó títí ìdí á fi máa ro ó, á máa wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Metro Hawryluk wà lára wọn. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ń sin màlúù ní apá àríwá ìlú wa. Láti ìgbà tí Olha ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó ń bá a gbé mọ́ àfi Mitzi, ajá tí Olha fúnra rẹ̀ fi wàrà inú ìgò tọ́ dàgbà. Mitzi mọ màlúù í dà ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, àmọ́ kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ni Metro ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé tí òun bá dárúkọ Olha nínú ilé, ajá náà ṣì máa ń gbórí sókè, á wo ẹnu ọ̀nà.

“Àwa méjèèjì la ṣì ń retí ẹ̀,” ló wí.

Nígbà tí òtútù ń lọ sópin, tí àwọn màlúù ti ń bímọ, Mitzi kọ oúnjẹ, ó wá ń mumi ṣáá. Metro gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Fehr, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹran ní ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà. Ilé ọmọ ajá náà ti kún fún ọyún. Dókítà la ikùn rẹ̀, ó yọ ilé ọmọ náà, ó sì fi òwú rán ojú ibẹ̀ padà. Ó wá fi ike kan tó fẹ̀ lẹ́nu bí àrọ tí a fi ń rọ epo sí i lọ́rùn, kí ẹnu rẹ̀ má baà dé ojú ọgbẹ́.

“Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ sáré, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ibẹ̀ rárá. Tó bá fi lè já òwú yẹn, ìfun ẹ̀ ló máa tú síta, ara ẹ̀ ò sì lágbára táá fi gbà á.”

“Ahọ́n ajá loògùn ajá, dókítà. Bàbá mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé bàbá yín rán ikùn ajá rí ni?”

Metro gbé ajá rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó délé, ó tẹ́ ibùsùn fún Mitzi lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, òun tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí ajá kankan ré ẹnu ọ̀nà kọjá láyé rẹ̀. Àmọ́ ike yẹn kò bá ajá náà lára mu. Ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń gbá ẹsẹ̀ àga, kò sì jẹun. Metro pè mí lórí fóònù.

“Ó kàn kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n bá wí.”

“Ẹ yọ ike yẹn, kí ẹ wọ ẹ̀wù fún un dípò ẹ̀, Bàbá Metro. Ẹ bọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn, kí ẹ fa ìsàlẹ̀ ẹ̀ so lẹ́yìn kó bo ikùn. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀wù tirẹ̀ tóbi jù. Ló bá ṣí àpótí tí kò tíì ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú, ó mú ẹ̀wù olódòdó tí Olha máa ń wọ̀ sí oko ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó bá Mitzi mu rẹ́gí. Ajá náà gbóòórùn rẹ̀ títí, ó jẹun, ó sì sùn. Metro rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún mi, mi ò sì rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Ọgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ká ní ó jókòó sílé ni! Àmọ́ ó ti ṣe díẹ̀ tó ti yọjú sídìí tábìlì, ó sì mọ ohun tí ẹnu àwọn èèyàn yẹn lè ṣe fún ẹni tí kò sí níjòókòó. Ó gbé Mitzi sí àga iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù lọ́rùn, ó sì wá dúró síwájú fèrèsé mi gan-an. Bí Metro ṣe ń wọlé, Lorne Kuzyk, aláwàdà wọn, ló kọ́kọ́ rí ajá náà nínú ẹ̀wù.

“Ẹ gbà mí o! Metro ti fẹ́ ìyàwó tuntun!”

“Kò tiẹ̀ pè wá síbi ìgbéyàwó,” Elmer Friesen fi kún un. “Irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn?”

“Irun ìyàwó pọ̀ díẹ̀ lójú o, àmọ́ aṣọ yẹn yẹ ẹ́.”

Wọ́n lu tábìlì, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú wọn. Wọn ò mọ ẹni tó ni ẹ̀wù yẹn.

“Lorne, pa ẹnu ẹ dé!” ni mo pariwo, àmọ́ ìyẹn ló tún dá kún ẹ̀rín wọn. Ojú Metro pọ́n. Ó jáde lọ sínú ọkọ̀, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù náà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?”

“Bàbá Metro, ẹ lọ wọ̀ ọ́ padà fún un, àbí kí ẹ gbé e lọ sílé.”

“Màá mu kọfí mi tán ná.”

Ó mu ún tán. Mo rí i tó ń wo ìta, àmọ́ yìnyín ti bo gíláàsì ọkọ̀ náà. Ó gbé ìdí, ó tún fi ìdí balẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde. Tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ dìde láàárọ̀ yẹn, “ọkọ Mitzi” ni wọn ì bá máa pè é títí tó fi máa kú. Ó na ife rẹ̀ sí mi, ó ní kí n bu sí i. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń bù ú. Àgbà ọkùnrin tó ti gbẹ̀bí màlúù nínú ìjì yìnyín, yẹ̀yẹ́ lásán ló dè é mọ́ àga.

Elmer ló dìde nígbẹ̀yìn. “Ẹ máa sọ̀rọ̀ mi o, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”

Metro fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ṣubú bó ṣe ń sáré jáde. A gbọ́ igbe rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó padé.

Mitzi ti já gbogbo òwú náà. Ìfun rẹ̀ wà lórí àga, ó ṣì ń lá a, nígbà tó sì rí Metro, ó mi ìrù. Metro ju kọ́kọ́rọ́ sí Lorne, Lorne ló wa ọkọ̀ náà. Metro fi ẹ̀wù olódòdó yẹn di ikùn ajá mú títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lorne sọ fún mi pé títí dé ọ̀hún ni Metro ń sọ fún Mitzi pé, “Olha ń bọ̀, Olha ń bọ̀,” tí ajá náà sì ń gbìyànjú láti gbórí sókè. Ibẹ̀ ni Lorne ti mọ ẹni tó ni ẹ̀wù. Dókítà Fehr sa gbogbo ipá rẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Lorne ló gbé katakata wá fọ́ ilẹ̀ tí òtútù mú dì, wọ́n sì sin Mitzi sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀fọ́ Olha, pẹ̀lú ẹ̀wù náà. Wọ́n ní àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó dùn mí pé ó gbẹ̀yìn èyí náà.

Metro ṣì ń wá. Àmọ́ bó bá ti mu ife kan tán, ó ti dìde nìyẹn, ṣáájú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Láìpẹ́ yìí, Lorne di apá rẹ̀ mú.

“Jókòó, Metro. Mu ìkejì. Kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan.”

“Mo mọ̀,” ni Metro wí. “Mo kàn fẹ́ lọ wo inú ọkọ̀ ni.”

A wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bojú wo àga tó ṣófo, ó sì rọra pa á dé.